Pẹ̀lẹ́ Tó Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni à ń pe ẹni tó ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní èdè wa. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó kún ẹnu, ó sì níyì. Ní àwọn ọdún tí mò ń wí yìí, èmi kì í tilẹ̀ ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀, mo kàn ń bá a gbé ẹrù lẹ́yìn ni. Bí àwọn obìnrin ìjọ wa ní Plumstead bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí mo bá sọ fún wọn pé mo fẹ́ di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n á ní, "Praise God!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bi mí bóyá ilé ìdáná nìyẹn ni àbí ọ́fíìsì. Mi ò bínú sí wọn. Wọ́n mọ nọ́ọ̀sì, wọ́n mọ olùtọ́jú arúgbó, wọ́n mọ ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó gbé fèrè kọ́rùn, tó ń lé àwọn géńdé kiri pápá nínú òtútù, ìyẹn kò sí nínú ìwé wọn.

Bọ́ọ̀lù kì í ṣe tuntun sí mi o. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nílé, èmi ni mo ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá á kọ́kọ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ pé ó dìgbà. Bàbá mi ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí orúnkún rẹ̀ kún fún àpá báyìí. Ẹni tó fẹ́ mi kò wo orúnkún. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, ọmọlúàbí ni, àmọ́ títí di òní olónìí, kò tíì wo bọ́ọ̀lù kan parí kó tó sùn lọ.

Nígbà tí a dé Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo rí ṣe ní Thamesmead. Láti ilé dé ilé ni mò ń rìn. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń po tíì fún wọn, mò ń gbọ́ ìtàn ogun. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo ní fún ara mi, ọjọ́ yẹn náà sì ni ọmọ mi ọkùnrin ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko tó wà lẹ́yìn ilé wa. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ẹnu mi kì í sì í sinmi. "Sún síwájú! Má wo bọ́ọ̀lù, èèyàn ni kó o wò! Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ti sùn ni?" Ọ̀rọ̀ mi sú ọkùnrin tó ń kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ó yíjú sí mi, ó ní bí mo bá mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí n wá ṣe é. Èébú ni òun pè é, èmi gbọ́ ọ bí ìkésíni. Nígbà tó fi máa di Sátidé kejì, mo ti ra fèrè.

Bí ọ̀nà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo gba ẹ̀kọ́ ìpele kìíní, mo gba ìkejì. Èmi nìkan ni obìnrin ní kíláàsì, èmi nìkan náà ni mo sì ń gbé ìrẹsì dání wá. Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn ọkùnrin yẹn ti jẹ oúnjẹ mi tán kó tó kàn mí láti dìde, nítorí gbogbo wọn ló ti mọ kúlà mi. Mo yege, àwọn náà yó.

Ní nǹkan bí ọdún 2012, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí kò jìnnà sí Powis Street ní Woolwich gbà kí n máa wá ran ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ ni gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, àgbà wọn kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ọdún kìíní, kóònù tí a fi ń sàmì sórí pápá ni mo ń tò, òun náà ni mo ń kó. Ọdún kejì, wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn. Nígbà tó di ọdún kẹta, kò sí góòlù tí a fi orí gbá wọlé láti kọ́nà tí kì í ṣe èmi ni mo ya ibi tí kálukú máa dúró sí. Inú sì máa ń tètè bí mi, mi ò ní purọ́. Bí àlejò kan bá dé pápá tó rò pé ìyá agbábọ́ọ̀lù ni mí, tó ní kí n lọ bá àwọn òbí dúró lọ́hùn-ún, màá wò ó láti òkè délẹ̀, màá wá kó kóònù mẹ́rin lé e lọ́wọ́ pé kó bá mi tò ó. Wọ́n sì máa ń tò ó.

Ará Scotland ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa gan-an. Irun rẹ̀ funfun báláú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ. Èmi kẹ̀! Ọkùnrin tó fi ogún ọdún jù mí lọ! Mo pè é ní "Sir", ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ òun di arúgbó. A wá fẹnu kò sórí "Coach". Òun ní tirẹ̀ ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pè mí ní Auntie, ó rò pé orúkọ mi nìyẹn, òun náà sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mi ò tún un ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bá mi jà lé lórí. Ó ní mo ń yin èèyàn jù. Bí mo bá bá ẹni tó ń gé koríko pàdé, màá ní, "Well done." Bí mo bá kọjá lára ẹgbẹ́ tí a fẹ́ bá gbá, tí wọ́n ń sáré kí ara wọn lè gbóná, màá ní, "Well done." Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ wa mẹ́ta pẹ́ dé, Coach sì ní kí wọ́n sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú mi, mo ní, "Well done."

Coach kígbe. "Auntie, ìyà ni mo fi ń jẹ wọ́n!"

Mo ní mo mọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ni mo kí wọn, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń ṣe lọ́wọ́. Ó mi orí, ó lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ lóòótọ́, àmọ́ Yorùbá ló wà nínú ikùn rẹ̀, èmi fúnra mi kò sì tíì mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ lásán lè kó mi sí wàhálà.

Lọ́dún kẹrin, kọ́lẹ́ẹ̀jì kéde pé àwọn fẹ́ gba igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá tí yóò jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè ní wákàtí-wákàtí bíi tèmi. Bí mo bá rí i gbà, màá fi iṣẹ́ ilé dé ilé sílẹ̀, bọ́ọ̀lù ni màá máa fi jẹun. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn débi pé ojú ń tì mí. Mo fi ìwé sílẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé, a lọ gbá bọ́ọ̀lù kan ní Thamesmead.

Atẹ́gùn láti orí odò ń gbé bọ́ọ̀lù bó ṣe wù ú lọ́jọ́ náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láti òdìkejì odò ni a ń bá gbá. Wọ́n ní ọmọ kan tó ń gbá apá ọ̀tún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eré rẹ̀ sì kọjá kèrémí. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ kò rí i mú. Ó kù díẹ̀ kí a parí, ó gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ lẹ́bàá ìlà, ọ̀dọ̀ mi tààrà. Mo sún sẹ́yìn. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti wà nílẹ̀, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ké.

Ta ni yóò rí ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀ tí kò ní ṣe ohun tí mo ṣe? Mo sáré bá a. "Sorry! Sorry o! Sorry, my dear. Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo fi síkáàfù mi nu ojú rẹ̀. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, akọ́nimọ̀ọ́gbá tiwọn ti dúró lé mi lórí, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"O kọ́ ọ lẹ́sẹ̀!"

Mo ní rárá o.

"Kí ló dé tí o wá ń tọrọ àforíjì?" Ó yíjú sí rẹfirí. "Gbogbo wa la gbọ́ ọ! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tọrọ àforíjì!"

Rẹfirí kò rí nǹkan kan, ibòmíì ló ń wò nígbà tí ọmọ náà ṣubú. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ "sorry", ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Egungun ọrùn ọwọ́ ọmọ náà ló sán. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́tà ẹ̀sùn dé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, wọ́n sì sún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mi síwájú. Obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka eré ìdárayá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò pariwo. Ó ní bí mo bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ṣèèṣì kọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀, kí n sì tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ máa parí síbẹ̀, màá sì máa bá iṣẹ́ wákàtí mi lọ. Mo bi í pé iṣẹ́ gidi yẹn ńkọ́. Ó wo tábìlì. Ó ní wọn kò ní lè gbé e fún ẹni tó ti fara kan agbábọ́ọ̀lù nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́.

"Mi ò fara kàn án," ni mo wí.

"Ṣùgbọ́n o tọrọ àforíjì," ni òun náà wí.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un pé pẹ̀lẹ́ ni mo kí ọmọ náà. Mo ní bí òjò bá pa ọ́, màá sọ pé sorry. Bí o bá sín, sorry. Bí tíì bá jó ọ lẹ́nu, sorry. Èmi kọ́ ni mo rọ òjò, èmi kọ́ ni mo se tíì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń dà bí irọ́ létí èmi alára. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ka ẹ̀dà lẹ́tà ẹ̀sùn tí wọ́n fún mi, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Just write it, jọ̀ọ́. Ṣé o fẹ́ bá Òyìnbó jà lórí 'sorry' ni? This is not our country." Àwọn obìnrin ìjọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún mi. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ṣe kílíínà ní ọ́fíìsì kan, tún fún mi ní ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. "Sister, ẹ stop kíkí èèyàn. Ṣé ẹ rí èmi? Tí mo bá ti wọ bus, mi ò kí anybody. Wọ́n lè ṣubú, wọ́n lè dìde, kò kàn mí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì wá rí i pé ẹkún ni mò ń sun.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé bírò. Iṣẹ́ yẹn ń dùn mí, ṣùgbọ́n ohun mìíràn dùn mí jù ú lọ. Wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe, torí pé mo bá a kẹ́dùn. Ìyá wo ló máa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Inú bí mi, mo ju bírò sínú síńkì. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n pe gbogbo wa jọ, kí wọ́n wá fi ẹ̀sùn náà kàn mí lójú.

Coach nìkan ló gbà mí gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ìwà mi ló wò. Ó ní rárá, pé òun ti rí bí mo ṣe ń kọ́ àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn, òun sì mọ̀ pé bí mo bá fẹ́ kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, wọn kò ní bá mi níbẹ̀.

Òwúrọ̀ ni ìpàdé náà. Olórí ẹ̀ka jókòó sí ìdí tábìlì, èmi àti Coach wà lápá kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tiwọn wọlé, ọmọ náà tẹ̀lé e pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n dì, ìyá ọmọ náà ló kẹ́yìn. Kóòtù ló wọ̀ lé yúnifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì, ó hàn pé ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ tààrà. Bó ṣe wọlé, ó rọra tẹ orúnkún díẹ̀ kó tó sọ pé, "Good morning, ma. Good morning, sir."  Yorùbá ni! Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ ni tàbí kí n sá. Mi ò gbọ́dọ̀ kí i ní èdè wa, kí wọ́n má lọ rò pé a ti jọ sọ ọ́ sílẹ̀ látilé. Òun náà kò sì kí mi. Ó wò mí bí ìyá ṣe ń wo ẹni tó ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tiwọn sọ tirẹ̀. Ó ní mo kọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, rẹfirí sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́, kò jìnnà. Ìyá ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"What exactly did she say?"

Ọmọ náà gbé èjìká sókè. "She was like, sorry, sorry o."

Ìyá rẹ̀ yí gbogbo ara sí i. "'Sorry' àbí 'sorry o'?"

"Sorry o. Like how you say it, Mum. Then she said pele, pele, and wiped my face with her scarf." Pẹ̀lẹ́ tirẹ̀ kò ní àmì ohùn kankan lórí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ ni.

Obìnrin náà gbé báàgì tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "So, did she trip you?"

"I dunno. My coach said she said sorry, so."

"Mi ò bi ẹ́ ní what your coach said. Ṣé o feel ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Nah. I stepped on the ball, innit."

"And you didn't tell anybody!"

"Nobody asked me, Mum. They just kept asking me what she said."

 Òótọ́ ló sọ. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n ti kọ síra wọn, kò sì sí ẹni tó bi ẹni tó ṣubú pé kí ló gbé e ṣubú. Èmi náà kò bi í. Pẹ̀lẹ́ ni mo gbájú mọ́.

Ìyá rẹ̀ dojú kọ olórí ẹ̀ka. Ó ní lójoojúmọ́, òun ń sọ "sorry" fún gbogbo aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù òun, láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun ń jẹ́wọ́, a jẹ́ pé òun lòun kó gbogbo àìsàn náà ràn wọ́n, kí wọ́n yáa pe ọlọ́pàá. Coach bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wá yíjú sí mi, ojú tó le ti rọ̀. "Auntie, ẹ má bínú. Ojú burúkú tí mo fi wò yín yẹn, ẹ forí jì mí."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ma," ni mo wí. "Ọwọ́ ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ó ti ń san? Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí ibi tí mo wà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tiwọn kò rẹ́rìn-ín. Ó mú kóòtù rẹ̀, ó ní àwọn máa fa ẹ̀sùn náà padà, wọ́n sì fà á padà lóòótọ́.

Wọ́n dá ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn fún mi. Ẹ̀rù ba Coach jù mí lọ. Ó ní dájúdájú, wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣubú, "Are you OK?" ni kí n wí, kí n má fi nǹkan kan lé e. Ó mú mi lọ sí pápá ní ọ̀sán, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko níwájú mi, pẹ̀lú irun funfun rẹ̀. Mo ní, "Ah! Sorry, sir!" Ó dìde, ó tún ṣubú. Ìgbà karùn-ún ni mo tó lè sọ pé, "Are you OK?" láìfi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ọmọ wa ń wò wá láti ojú fèrèsé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi mí. Mo sọ̀rọ̀ kọ́nà, mo sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, mo sọ bí mo ṣe ń bá ọmọ tí inú ń bí sọ̀rọ̀, torí pé inú ń bí èmi náà. Olórí ẹ̀ka ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ó ní bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́la, kí ni màá sọ? Coach wà ní ìkángun tábìlì, ó ti ń fi ètè ṣe "Are you" fún mi wúyẹ́wúyẹ́.

Mo mọ ìdáhùn náà. Ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, bí èèyàn bá bi ọ́ pé "Are you OK?", ìjà ló ń wá. Ohun tó ń bi ọ́ ni pé ṣé orí rẹ pé. Àní bí kì í bá tiẹ̀ ṣe ti ìjà, ọmọ wà nínú ẹrẹ̀, ó di ọwọ́ mú, ó ń ké, kí n wá dúró lé e lórí kí n máa bi í bóyá ara rẹ̀ yá? Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ yá ló ń yí nílẹ̀? Mo wo obìnrin náà lójú. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn, Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ.

"Màá sọ pé 'sorry o'," ni mo wí. "Lẹ́yìn náà, màá bi í pé kí ló gbé e ṣubú."

Coach fi àtẹ́lẹwọ́ bojú. Olórí ẹ̀ka ń kọ̀wé, ó pẹ́ níbi tó ti ń kọ ọ́, mo sì ti ń ka àwọn ilé arúgbó tí màá padà sí lọ́kàn mi. Ó wá dá bírò dúró, ó gbójú sókè.

"'O' yẹn," ló wí, "báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

Mo ní lẹ́tà kan ṣoṣo ni, ma. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí, èyí tí wọn kì í fún òṣìṣẹ́ wákàtí-wákàtí.